Kí Àwọn Ẹyẹ Àlejò Tó Padà Sílé

Ẹ̀yin òbí ọ̀wọ́n, ẹ pe ọmọ yín kan jókòó lónìí, kí ẹ sì ní kí ó dárúkọ ẹyẹ mẹ́wàá fún yín. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí a bí sí Kétu, tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní Ìkòsì tàbí Alápẹ̀rẹ̀, yóò dárúkọ adìẹ, yóò dárúkọ tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ, bóyá yóò fi ẹyẹlé kún un, lẹ́yìn náà yóò máa wo òkè àjà. Ẹ ṣe àkíyèsí pé gbogbo èyí tí ó dárúkọ ni a máa ń pa jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ọmọ kan náà dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal, kíákíá ni yóò ka mọ́kànlá, yóò sì tún ka àwọn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Èmi kò bínú sí bọ́ọ̀lù. Ohun tí ó ń ká mi lára ni pé London ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn wà, ọmọ wa kò sì rí wọn rí àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò kan wà tí wọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá bá wa fúnra wọn, láìgba físà, tí wọ́n ń bà sórí wáyà iná ládùúgbò wa, a kò sì gbójú sókè wò wọ́n. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń dágbére. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀: kí a kó àwọn ọmọ wa jáde ní òwúrọ̀ kan, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí àwọn àlejò wọ̀nyí kí wọ́n tó lọ.

ÀWỌN WO NI ÀLEJÒ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí alápàńdẹ̀dẹ̀. Orúkọ yìí ni àwa Yorùbá fi ń pe oríṣiríṣi ẹyẹ tí apá wọn gùn, tí wọ́n ń fò yíká láìsinmi, tí wọ́n sì ń fi ẹnu gbá kòkòrò mú nínú afẹ́fẹ́. Onílé ni àwọn kan nínú wọn. Àwọn ni ẹ ń rí ìtẹ́ wọn lábẹ́ afárá àti lábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní barn swallow, àlejò pátápátá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí aró tí ń dán, ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì bí fọ́ọ̀kì. Inú abà àti ilé ẹran àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ni ó ti ń pamọ ní ìgbà ooru tiwọn. Nígbà tí òtútù bá dé tí kòkòrò sì tán, ó di ìhà gúúsù. Oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni ó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan dúró ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn kọjá lọ títí dé South Africa, ìrìn àjò tí ó tó kìlómítà 10,000.

Báwo ni ó ti wúwo tó? Nǹkan bíi gíráàmù 20 péré ni. Ẹyin adìẹ kan ṣoṣo wúwo ju méjì wọn lọ. Ohun tí kò tó ẹyin yìí ni ó ń la aginjù Sàhárà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òun nìkan pẹ̀lú apá rẹ̀. Ní Ebbaken, ní agbègbè Boje ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan a máa sùn pọ̀ sínú koríko orí òkè ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi oje igi tí ń lẹ̀ mú wọn lóru láti jẹ, kí àwọn tí ń dáàbò bo ẹ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn sọ̀rọ̀ ní àwọn ọdún 1990.

Àlejò mìíràn wà ní etí omi. Kò ga ju gíga ọwọ́ ọmọdé lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ẹrẹ̀, àyà rẹ̀ funfun, bí ó bá sì ti ń rìn ni ìdí rẹ̀ ń mì sókè sódò bí ẹni tí ń jó láìsí ìlù. Common sandpiper ni wọ́n ń pè é. Yúróòpù ni òun náà ti wá. Èkejì rẹ̀ tí ń mi ìdí ni yellow wagtail, ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àyà rẹ̀ pọ́n yòò bí ìyeyè, tí ó máa ń sá tẹ̀lé màlúù nínú koríko nítorí kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń tú sókè.

Ṣé àwọn tí ó wá láti òkè òkun nìkan ni arìnrìn-àjò? Rárá o. Lékèélékèé náà ń lọ ó ń bọ̀. Ta ni nínú wa tí kò na ìka sí i rí ní kékeré pé kí ó fún òun ní èékánná funfun? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀dọ̀ wa ni ó ń wà. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a gbéra lọ sí òkè Ọya láti lọ pamọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwòdì tí ń yí po lókè ọjà Máìlì 12, tí ń wá ìfun ẹran àti eku. Nígbà tí ẹ bá rí i pé òjò ti pọ̀ tí ẹ kò rí àwòdì mọ́, kò kú, ó lọ sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a là yé àwọn ọmọ. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa kó àwọn ọ̀dọ́ wọn jáde ní ìgbà tí igi wọn bá ń rúwé lẹ́yìn òtútù, láti lọ pàdé àwọn ẹyẹ tí ń dé. Tiwa yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ń retí ni àwa ń sìn wọ́n sọ́nà. Ẹyẹ tí ọmọ kan ní Manchester yóò fò sókè fún ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni ó ti kúrò nínú oṣù kẹta.

ÀKỌ̀ TÍ Ó GBÉ Ọ̀KỌ̀ DÉ JÁMÁNÌ

Ní ayé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kò mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ. Àwọn kan ní wọ́n ń rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni, tí wọ́n á sùn síbẹ̀ títí òtútù yóò fi kọjá. Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Morton, kọ̀wé ní nǹkan bí 300 ọdún ó lé sẹ́yìn pé inú òṣùpá ni wọ́n ń lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ àwa náà ibi tí lékèélékèé ń lọ nígbà òjò, kí ni a ó sọ?

Ní ọdún 1822, nítòsí ìlú Klütz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n yìnbọn pa àkọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e, wọ́n bá ọ̀kọ̀ onígi gígùn kan tí ó gba ọrùn rẹ̀ kọjá. Igi ọ̀kọ̀ náà kì í ṣe igi ilẹ̀ wọn, igi Áfíríkà ni. Ọdẹ kan nílẹ̀ adúláwọ̀ ti gún ẹyẹ yìí, ó sì fi ọ̀kọ̀ lọ́rùn fò padà dé ilé rẹ̀. Ó ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí di òní, tòun ti ọ̀kọ̀ rẹ̀. Ọgbẹ́ ẹyẹ yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n gbà pé lóòótọ́ ni àkọ̀ ń wá sí Áfíríkà.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kan ní ìlú Viborg ní Denmark, Mortensen lórúkọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1899, pẹ̀lú nọ́ńbà lára òrùka kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, John Masefield, ará Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí alápàńdẹ̀dẹ̀ kan lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1912, wọ́n rí ẹyẹ náà ní ilé àgbẹ̀ kan ní Natal, ní South Africa. Láti ìgbà náà ni iyèméjì ti tán. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ àwọn tí ó tóbi díẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ẹyẹ etí òkun kan tí wọ́n ń pè ní bar-tailed godwit kúrò ní Alaska, kò sì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí ó fi dé Tasmania: ọjọ́ 11, kìlómítà 13,560, láìjẹ láìmu. Oṣù márùn-ún péré ni ẹyẹ náà nígbà náà.

Ẹ má sì gbàgbé pé Jeremáyà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Nínú orí 8, ẹsẹ 7 ìwé rẹ̀, ó mẹ́nu ba àkọ̀, àdàbà àti alápàńdẹ̀dẹ̀ pé wọ́n mọ àkókò tiwọn. Jerúsálẹ́mù ni ó wà, ojú ọ̀run ilẹ̀ náà sì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkọ̀ ń gbà kọjá láti Áfíríkà lọ sí Yúróòpù lọ́dọọdún. Ohun tí wòlíì náà ń fi ojú rí ni ó ń sọ.

ÀGBÀ MỌ̀NÀ, ỌMỌDÉ MỌ ÌHÀ

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀nà? Oòrùn ń tọ́ wọn lọ́sàn-án, ìràwọ̀ ń tọ́ wọn lóru, wọ́n sì ní ohun kan nínú ara tí ń gbọ́ agbára òòfà ilẹ̀ ayé bíi ti kọ́ńpáàsì. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́. Láàárín ọdún 1948 sí 1957, onímọ̀ ará Netherlands kan, A. C. Perdeck, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹyẹ starling tí ó lé ní 11,000 nígbà tí wọ́n ń rìn kọjá nítòsí ìlú The Hague. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ òfurufú lọ sí Switzerland, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ibi tí wọn kò dé rí.

Àwọn tí ó ti dàgbà, tí wọ́n ti rin ọ̀nà náà rí, yí orí padà. Wọ́n mọ̀ pé a ti gbé àwọn kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì tọ ìhà àríwá ìwọ̀ oòrùn lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ń lo ìgbà òtútù, ní àríwá ilẹ̀ Faransé àti gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wọn tí ń rin ọ̀nà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ kò yí padà. Ìhà kan náà tí wọ́n kọjú sí ní The Hague ni wọ́n kọjú sí ní Switzerland, wọ́n sì já sí gúúsù Faransé àti Spain. Ìhà ni a bí mọ́ wọn. Ibùdó kò tíì yé wọn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí yunifásítì tàbí láti jápa, ẹ fi èyí sínú ìrònú yín. Ẹ jẹ́ kí n padà sí Kétu.

BÍ A TI ṢE JÁDE

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹta, àwọn olùkọ́ kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ àti èmi kó ọmọ mẹ́rìnlá jáde. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹni tí ó dàgbà jù jẹ́ mẹ́rìndínlógún. A pàdé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a wọ danfo dé Máìlì 12, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìhà Odò Ògùn, níbi tí ọ̀nà Ìkòròdú ti gba orí odò kọjá, tí àbàtà sì tẹ́ lọ rẹrẹ lápá méjèèjì. Bàínókúlà méjì ni a ní, ọ̀kan nínú wọn kò sì ríran ju ojú kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Máìlì 12 mọ bí ibẹ̀ ti rí ní òwúrọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ tòmátò láti òkè Ọya ń fun fèrè, alábàárù ń pariwo, òórùn ata jíjẹrà gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí a dé etí àbàtà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wí pé, "Pásítọ̀, kò sí nǹkan kan níbí o." Òótọ́ ni ó sọ níwọ̀n bí ojú rẹ̀ ti mọ. Mo ní kí gbogbo wọn jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ rántí èyí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ́ lójú ọmọ Èkó bí ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kí ó tó pé, gbogbo nǹkan ti yí padà. Lékèélékèé méje rìn jáde láti inú koríko tí a rò pé ó ṣófo. Ẹyẹ apẹja kan já bọ́ sínú omi bí òkúta, ó sì gbé ẹja jáde. Ní etí ẹrẹ̀, níbi tí ike omi àti ọ̀rá kún, ni ẹyẹ kékeré náà yọ, tí ìdí rẹ̀ ń mì sókè sódò, ni àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín sínú àtẹ́lẹwọ́.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Òun ni ó fi ìka han mi pé àwọn kan tò sórí wáyà iná. Alápàńdẹ̀dẹ̀ ni wọ́n. A ní kí àwọn ọmọ kà wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin pariwo 40, wọ́n ní 100, oníkálukú ń sọ tirẹ̀. Ọmọbìnrin yìí kò dá sí wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ 63 sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àkókò sí i: 7:52. Nígbà tí èmi náà kà á, 63 ni.

Ọmọkùnrin kan mú rọ́bà tí wọ́n fi ń ta òkúta lu ẹyẹ jáde nínú àpò. Mi ò bá a wí níwájú àwọn yòókù. Mo ní kí ó bá wa ka àwọn tí ó wà lórí wáyà kejì kí ó tó ta á. Ó kà á dé mọ́kàndínlógún, ó sì ti rọ́bà bọ àpò. Lẹ́yìn náà ni ó wá bèèrè lọ́wọ́ mi ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bóyá èyí tí òun ta lulẹ̀ ní ọdún tó kọjá wá láti òkè òkun. Mo bi í bí ó ti rí. Ó ní ọ̀fun rẹ̀ pọ́n, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Kò sọ ohunkóhun mọ́ títí a fi délé.

Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ojú omi wa iyanrìn kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè ohun tí a ń wá. Nígbà tí a sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ bá ti wá nígbà ọyẹ́, pé púpọ̀ nínú wọn ti ń lọ báyìí. Kò ka ìwé kankan nípa ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó mọ oṣù tí oníkálukú wọn ń dé.

"PÁSÍTỌ̀, ṢÉ KÌ Í ṢE ÀJẸ́ NI?"

Mẹ́rìnlá ni a kó jáde. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá kan kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá wa lọ. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú. Àwọn ayé ni wọ́n ń di ẹyẹ. Kí ni ọmọ mi fẹ́ lọ máa wo ẹyẹ sí?" Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ro bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará. Bí òwìwí bá bà sórí ilé wa lóru, a ó jí gbogbo ilé fún àdúrà, ní òwúrọ̀ a ó wá ẹni tí yóò fi òkúta pa á. Fíìmù ti fi kún un.

Èmi kò wá jiyàn pé kò sí agbára òkùnkùn. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé òwìwí tí ó bà sórí ilé rẹ ní Kétu, eku ni ó ń wá. Ọjà oúnjẹ ńlá wà ní Máìlì 12. Ibi tí oúnjẹ bá wà, eku yóò wà. Ibi tí eku bá sì pọ̀, òwìwí yóò tẹ̀lé e. Tọkọtaya òwìwí tí ó ní ọmọ ń pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún eku lọ́dún. A mọ irú àìsàn tí eku ń gbé kiri ní ilẹ̀ wa, ibà Lassa ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù. Ẹni tí ó pa òwìwí, tí ó wá lọ ra oògùn eku lọ́jà, ẹ bá mi bi í léèrè ohun tí ó rò pé òun ṣe.

Igún ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní àwọn ọdún 1970 yóò rántí igún tí ń tò sórí òrùlé ilé ẹran. Ìgbà wo ni ẹ rí ọ̀kan kẹ́yìn? Láti ọdún 2015 ni ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń jẹ́ IUCN ti ka irú igún tiwa yìí mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Ọ̀kan nínú ohun tí ń pa wọ́n ni àwọn tí ń ra orí àti ìyẹ́ wọn fún oògùn. Ní Guinea-Bissau ní ọdún 2020, ó ju 2,000 lọ tí májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀. Bí a bá ń sọ fún ọmọ pé agbára àjẹ́ wà lára ẹyẹ, èdè kan náà ni àwa àti ẹni tí ń ra orí igún ń sọ.

Ìyá náà gbọ́ mi títí, ó ní òun yóò bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀. Títí di ìsinsìnyí, ọmọ náà kò tíì bá wa jáde.

ÌDÍ TÍ ÀBÀTÀ FI ṢE PÀTÀKÌ

Kí ẹyẹ tó la Sàhárà kọjá, ó ní láti sanra. Nínú àwọn ẹyẹ kéékèèké wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ìwúwo wọn ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì kí wọ́n tó gbéra, nítorí ọ̀rá ara wọn ni epo tí wọn yóò jó lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ tí ó já tòmátò sílẹ̀ ní Máìlì 12 ṣe ń kún epo kí ó tó kọrí sí Kánò, bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ ń kún epo tirẹ̀ ní àbàtà, lára ẹ̀fọn, eṣinṣin àti kòkòrò omi. Lójoojúmọ́ ni a sì ń da iyanrìn bo àbàtà, tí a ń ta á ní púlọ́ọ̀tì.

Kì í ṣe ẹyẹ nìkan ni ó ń jìyà rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi Ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, Odò Ògùn kún bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú àti ní agbègbè Máìlì 12, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá jáde pẹ̀lú ẹrù lórí. Ibi tí lékèélékèé ń dúró sí ni omi ń wá nígbà tí ó bá kún. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹyẹ tí ó wà lórí rẹ̀.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ ṢE TIYÍN

Ẹ má dúró de owó. Wáyà iná iwájú ilé yín tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìjáde gidi, aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ó dára jù. Lẹ́yìn ìyẹn oòrùn yóò mú ẹyẹ àti ọmọ. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní omi mímu, fìlà, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù. Aṣọ tí ń tàn kò dára. Àwọ̀ ewé tàbí ti ilẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ inú odò, bí ó ti wù kí ó mọ̀wẹ̀ tó.

Bí ìjọ bá lè yá bọ́ọ̀sì, ẹ gba orí Afárá Kẹta lọ sí Lekki Conservation Centre, lọ́nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ni ó ni ibẹ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i: hẹ́kítà 78 igbó àti àbàtà láàárín ilé ńláńlá. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401, tí ń mì bí ènìyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ràn afárá náà àti àwọn ọ̀bọ. Ẹ rí i pé wọ́n dákẹ́ díẹ̀ nínú ilé tí a kọ́ fún wíwo ẹyẹ. Ẹ bèèrè owó ìwọlé kí ẹ tó kó ọmọ lọ.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù, iṣẹ́ gidi wà. Láti ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ ti ń ya máàpù gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí igun mẹ́rin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kìlómítà 9 ní ìbú àti òòró, ẹni tí ó bá sì mọ ẹyẹ dáadáa yóò fi ó kéré tán wákàtí méjì kọ gbogbo èyí tí ó bá rí tàbí gbọ́ nínú igun kan. Irú ẹyẹ tí ó lé ní 900 ni ó wà ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tí ó bá sì fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ayé rẹ̀ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis ní Jos, lábẹ́ Yunifásítì Jos, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní oyè ìjìnlẹ̀ lórí ìtọ́jú ẹ̀dá. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní ẹyẹ ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ fún un pé kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Àwọn Ẹyẹ Arìnrìn-àjò Lágbàáyé ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Sátidé kejì oṣù karùn-ún àti Sátidé kejì oṣù kẹwàá. Nígbà ti oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn àlejò wa ti dé ilé wọn. Ti oṣù kẹwàá ni tiwa, nítorí ìgbà náà ni wọ́n ń dé. Láàárín méjèèjì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọjọ́ tí ó rí alápàńdẹ̀dẹ̀ kẹ́yìn lórí wáyà iwájú ilé rẹ̀ sára ògiri tàbí sínú ìwé, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò tún rí òmíràn. Àwọn tiwa ti kọ tiwọn. Ọmọbìnrin tí ó ka 63 kọ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin.